BMW 335i àbí 335d: èwo ló yẹ ẹni tó ń gbé Iléṣà tàbí Ilé-Ifẹ̀?

Ọkọ̀ méjì yìí ni mo mú, nítorí pé ẹ́ńjìnnì nìkan ló fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. 335i ń mu bẹntiróòlù, 335d ń mu dísù. Àwọn tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009 àti 2010 ni mò ń sọ: ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́ta, sílíńdà mẹ́fà, tọ́bò méjì (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo bá sọ nípa wọn, ẹ lè fi yẹ Mercedes, Audi tàbí Porsche onídísù wò, kò ní í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló ń ka ìfiwéra tí òyìnbó kọ, kí wọ́n tó lọ san owó tòkunbọ̀. Òyìnbó ò parọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n epo tó wà nílé epo tirẹ̀ kọ́ ló wà ní tiwa, ọ̀nà tó ń rìn kọ́ là ń rìn. Lójú tèmi, ibi tẹ́ ẹ ti máa ń ra epo àti bí ìrìn yín ṣe gùn tó ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó wo eré.

Eré àti agbára

335i ní agbára ẹṣin 300, 335d ní 265. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọkọ̀, tí wọ́n ń fi Nm wọ̀n, tún wà níbẹ̀: 335i ní nǹkan bíi 407 Nm, 335d ní 576 Nm, gbogbo rẹ̀ sì ti jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 1,750 péré ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ ti Iléṣà mú ọ̀nà Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ yà síbi tí wọ́n ń gbà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Òkè tó wà lọ́nà yẹn ló máa ń fi ìwà ẹ́ńjìnnì hàn. Bí tírélà bá wà níwájú yín, tí àyè sì yọ díẹ̀ láti yà á, 335i á kọ́kọ́ já jíà méjì sílẹ̀, ìró rẹ̀ á gbòde, ló máa tó fò. 335d kì í ṣe wàhálà kankan. Ẹ tẹ ẹ díẹ̀, ẹ̀yìn yín á lẹ̀ mọ́ àga, ẹ ti kọjá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lórí òkè.

Lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, 335i ló yára jù. 335d máa ń lò tó nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà kó tó dé eré 60 máìlì ní wákàtí kan láti orí ìdúró, 335i ò lò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 335i tún lè yí dé ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó pààrọ̀ jíà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 4,200 ni agbára 335d ti dé òpin. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí ẹ́ńjìnnì máa kọrin sí i létí, dísù ò ní í tẹ́ ẹ lọ́rùn láéláé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù nìkan ni dísù wà fún. Lọ́dún 2006, Audi R10 TDI tó ń lo dísù ló gbégbá orókè nínú ìdíje wákàtí 24 ní Le Mans, nílẹ̀ Faransé, ìgbà àkọ́kọ́ tí dísù borí níbẹ̀ nìyẹn. Láti ọdún náà títí di 2014, kò sí ọdún tí ọkọ̀ onídísù kò gba ipò kìíní.

Ìnáwó epo

Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ nìyí: lójú ọ̀nà jíjìn, 335d ń rin nǹkan bíi kìlómítà 15 lórí lítà kan, 335i ń rin 11. Nínú ìgboro, 335d ń rin bíi 10, 335i bíi 7. Tẹ́ ẹ bá rin 500 kìlómítà lójú ọ̀nà jíjìn, 335i á mu bíi lítà 45, 335d á mu bíi 33.

Nílẹ̀ yìí, dísù sábà máa ń wọ́n ju bẹntiróòlù lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ báyìí: ẹ wo iye lítà kan bẹntiróòlù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lé e. Bí dísù bá wọ́n ju iye yẹn lọ, kò sí èrè kankan nínú epo tí 335d ń ṣọ́ mu. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, owó á máa kù sí yín lọ́wọ́. Owó epo ń yí lójoojúmọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ bẹntiróòlù ní 2023, nítorí náà, ẹ tún ìṣírò yìí ṣe fúnra yín.

Dísù tí à ń rà

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ ló ń fún mọ́ra títí á fi gbóná janjan, á wá fọ́n epo sínú ooru yẹn, epo náà á gbiná fúnra rẹ̀. Irú iṣẹ́ tí Rudolf Diesel bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì nìyẹn, tó sì yọrí ní 1897. Àmọ́ ní 335d, agbára tí wọ́n fi ń ti epo gba inú nọ́súù, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n epo, tó 1,600 bar. Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ yín kò ju bar méjì àti díẹ̀ lọ. Ihò nọ́súù yẹn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí omi díẹ̀ tàbí ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù lè bà á jẹ́. Dísù tí wọ́n ń wọn nínú kẹ́ẹ̀gì fún jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún.

Imí-ọjọ́ inú epo tún wà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ò gbà kó ju 15 lọ nínú mílíọ̀nù kan, irú epo yẹn sì ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe fílítà tó ń gba èédú nínú sàlẹ́ńsà 335d; epo tí imí-ọjọ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kò bá a mu. Fílítà yẹn máa ń jó èédú inú rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ó nílò ooru tó súnmọ́ 600 dígírì, ìyẹn ni pé kí ọkọ̀ máa sáré geere fún ìgbà díẹ̀. Olùkọ́ tó ń ti Parakin lọ sí OAU láàárọ̀, tó ń gba Lágere padà nírọ̀lẹ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, fílítà rẹ̀ á dí. Bí ẹ bá ń gbé Ifẹ̀, tí ìrìn yín kò kúrò ní Ifẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má ra dísù.

335d tún ń lo omi kan tí wọ́n ń pè ní AdBlue, tó ń fọ́n sínú èéfín kí èéfín náà lè mọ́. Tí omi yẹn bá ti ń tán, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kà sẹ́yìn, tó bá kà á tán, ọkọ̀ ò ní í sitáàtì mọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tẹ́ ẹ ti máa rà á.

Àwọn mẹkáníìkì kan á ní àwọn á gé fílítà náà sọnù. Inú mi ò dùn sí i. Àwọn ọmọ tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni wọ́n máa fa èéfín yẹn símú.

Bẹntiróòlù náà ní tirẹ̀

Pọ́ńpù tó ń fún epo sí ẹ́ńjìnnì 335i máa ń kú, débi pé BMW fúnra rẹ̀ pe àwọn ọkọ̀ náà padà ní 2010. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ti èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Bẹntiróòlù tó lágbára ni wọ́n sì kọ fún un. Tó bá mu èyí tó rẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á dín agbára kù kí ẹ́ńjìnnì má baà nọ́ọ̀kì, kò sì ní í sáré tó bí ìwé ṣe sọ. Àmọ́ ó rọrùn láti rí ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tún ṣe ju ẹni tó mọ dísù BMW lọ. Àwọn tó mọ dísù dáadáa lágbègbè wa, ti tírélà àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n mọ̀.

Nítorí náà, 335i ni mo máa ní kí ọ̀pọ̀ èèyàn rà. Ẹni tí mo máa fún ní 335d ni oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń lọ sí Èkó tàbí Àbújá lóòrèkóòrè, tó ní ilé epo kan tó fọkàn tán, tó sì ń pààrọ̀ fílítà epo kó tó di pé ó dí.

Tẹ́ ẹ bá lọ wo dísù, ẹ ti ìka bọ ẹnu sàlẹ́ńsà. Bí èédú dúdú bá bò yín níka, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé fílítà tàbí kó ti fọ́. Tó bá jẹ́ 335i ni, ẹ ṣíná sí i, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí lójú kan fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ tó tẹ ẹ́: èéfín tó bá dà bí aró fi hàn pé ó ń jó ọ́ìlì. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ bá a nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bí ẹni tó ń tà á bá ti ṣíná sí i kẹ́ ẹ tó dé, ẹ ní kó pa á, kẹ́ ẹ padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.