Láti Tokyo sí Osaka: Bàálù ni tàbí Shinkansen?

Ìṣẹ́jú 70 péré ni bàálù ń lò láti Haneda, pápákọ̀ òfurufú kan ní Tokyo, dé Itami, pápákọ̀ òfurufú kan lẹ́bàá Osaka. Wákàtí 2 ààbọ̀ ni Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ilẹ̀ Japan, ń lò. Ẹni tó bá wo èyí nìkan á ti sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó.

Lójú òfurufú, ìlú méjèèjì fi nǹkan bí 400 kìlómítà jìnnà síra. Ojú irin gba Nagoya àti Kyoto kọjá, tiẹ̀ wá di 515. Síbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ló sábà máa ń gbé èèyàn dé ìgboro Osaka ṣáájú, torí pé bàálù kì í gbéra láàárín ìgboro. Láti ibùdókọ̀ Tokyo dé Haneda tó ìṣẹ́jú 30. Ẹ gbọ́dọ̀ ti kọjá níbi àyẹ̀wò kó tó ku ìṣẹ́jú 20 tí bàálù máa gbéra, ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí àyà òun já á ti débẹ̀ tipẹ́ ṣáájú ìyẹn. Ní Itami, ẹ ó dúró de ẹrù, ẹ ó tún wọ bọ́ọ̀sì bí ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó dé Umeda, ní ìgboro Osaka. Ẹ ro ó pọ̀, ó ti lé ní wákàtí 3.

Ní ti Shinkansen, inú ìgboro lẹ ti máa wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá sọ̀ ní Shin-Osaka, ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló kù dé Umeda. Àmọ́ ẹ wo orúkọ ọkọ̀ dáadáa: Nozomi ló yára jù, Kodama ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀, ó sì ń lò tó wákàtí 4.

Owó ńkọ́? Nozomi lé díẹ̀ ní 14,000 yẹ́ǹ, ì báà jẹ́ oṣù tó kọjá lẹ ti rà á tàbí òwúrọ̀ yìí. Owó bàálù ń lọ sókè sódò bí owó tòmátì. Peach àti Jetstar, àwọn ilé iṣẹ́ bàálù olówó pọ́ọ́kú, lè dín owó gan-an láti pápákọ̀ òfurufú Narita sí ti Kansai, àmọ́ Narita jìnnà tó 60 kìlómítà sí ìgboro Tokyo, orí erékùṣù tí wọ́n fọwọ́ kọ́ sáàárín òkun sì ni Kansai wà. Owó rélùwéè lápá méjèèjì á jẹ nínú owó tí ẹ rò pé ẹ dín kù. Ẹrù ọwọ́ tó bá sì ti kọjá kìló 7, ẹ ó sanwó lé e.

Bàálù dára fún ẹni tó bá ti òkè òkun balẹ̀ sí Haneda, tó sì fẹ́ bọ́ sínú òmíràn níbẹ̀, tàbí ẹni tó ń lọ sí ẹ̀bá Itami gan-an. Fún àwọn yòókù, Nozomi ni mo fọwọ́ sí.

Ẹ wọn àpótí yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Shinkansen. Ẹ ro gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ pọ̀. Tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 160 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ gba àga tó ní àyè ẹrù lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀. Wọn kì í gba owó kún un tí ẹ bá ti gbà á ṣáájú, àmọ́ ẹni tí kò bá gbà á á san 1,000 yẹ́ǹ.

Àga E, lójú fèrèsé, ni kí ẹ bèèrè. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 45 tí ẹ bá ti kúrò ní Tokyo, òkè Fuji á yọ lápá ọ̀tún, lókè àwọn òpó èéfín ilé iṣẹ́. Lówùúrọ̀ ìgbà òtútù, tí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ ó rí yìnyín funfun lórí rẹ̀ títí ọkọ̀ á fi sọdá odò Fuji.