Ẹ̀rọ CNC àtijọ́: ká tún ọpọlọ rẹ̀ ṣe ni, àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

Ẹ̀rọ mílíìnì CNC, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gé irin, tó ti lo ọgbọ̀n ọdún, irin rẹ̀ sábà máa ń pẹ́ ju ọpọlọ rẹ̀ (kọntiróólù) lọ. Ara ẹ̀rọ ṣì le koko, ṣùgbọ́n ojú kọntiróólù ti ṣú, àláàmù ò yé dún, bọ́ọ̀dù kan ti kú. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tó fẹ́ náwó sí i: kó tún èyí tó wà níbẹ̀ ṣe, kó yọ ọpọlọ nìkan kó fi mọ́tò àti dráífù (àpótí tí ń fún mọ́tò ní iná) sílẹ̀, tàbí kó kó gbogbo rẹ̀ dànù láti orí ọpọlọ dé orí mọ́tò. Mo ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó wà láàárín ni mo fara mọ́ jù, àyàfi níbi tí irin fúnra rẹ̀ ò bá ti dára mọ́ tàbí tí dráífù bá ti jóná.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ irin wò

Kò sí ọpọlọ tuntun tó lè wo irin tó ti jẹ sàn. Ẹ gbé aago ìwọ̀n sórí spindle (ọ̀pá tí ń yí abẹ), kí ẹnu rẹ̀ fara kan irin kan tí ẹ dè mọ́ tábìlì. Ẹ máa fi 0.01 mm kọ̀ọ̀kan ti axis X (ọ̀kan lára àwọn ìhà tí ẹ̀rọ ń rìn sí) lọ títí abẹ́rẹ́ aago á fi máa bá a rìn, kí ẹ wá dá a padà. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó mira. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ò léwu. Bó bá di ogún, ìyẹn àlàfo 0.2 mm, a jẹ́ pé ballscrew (ọ̀pá onísúkúrù tí ń ti tábìlì) tàbí bẹ́árìn rẹ̀ ló ń fẹ́ owó yín. Ẹ ṣe é láàárín tábìlì, kí ẹ tún ṣe é ní ìkángun, torí àárín ló ń jẹ jù. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n bá kọ sínú ọpọlọ láti fi bo àlàfo yẹn ò lè bá ibi méjèèjì mu.

Títún ti àtijọ́ ṣe

Ọ̀nà yìí ló yá jù, bí ẹ bá rí bọ́ọ̀dù rà. Ohun tó sì máa ń kú jù kì í ṣe ohun olówó ńlá: kápásítọ̀ inú pawásọ́pùláì, fáànù, bátìrì, skirínì. Skirínì LCD wà tí wọ́n ṣe láti rọ́pò CRT (skirínì onígíláàsì ńlá ti àtijọ́), ohun tí ń fi USB dípò flọ́pì náà sì wà. Ẹ̀rọ tí ń pààrọ̀ abẹ á máa ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń lò ó ò sì ní kọ́ nǹkan tuntun.

Bátìrì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nínú ọpọlọ Fanuc 0 àtijọ́, bátìrì D mẹ́ta, 4.5 fóltì, ló ń di páràmítà (àwọn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi mọ ara rẹ̀) mú sínú mẹ́mórì. Iná ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà ní títàn kí ẹ tó yọ wọ́n. Wọ́n pè mí síbì kan tí ẹnìkan ti pa iná kó tó pààrọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ò mọ ohunkóhun nípa ara rẹ̀ mọ́. Ìwé páràmítà tí wọ́n ká pọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn àpótí iná ló yọ wá, epo ti rin ín, ìlà mìíràn ò ṣeé kà. Ọjọ́ méjì la fi tẹ̀ ẹ́ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ fi RS-232, ojú ìsopọ̀ ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kó páràmítà jáde kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ohun tí títúnṣe ò lè yí padà ni mẹ́mórì kékeré. Bí ètò iṣẹ́ bá gùn, ó di dandan kí ẹ máa rọ ọ́ wọlé láti inú kọ̀ǹpútà. Lórí 9600 baud (ìwọ̀n ìyára ìsopọ̀ náà), nǹkan bíi lẹ́tà 960 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìlà kan bá ní lẹ́tà 24, ìlà 40 péré nìyẹn. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá sì jẹ́ 0.1 mm, abẹ yín ò lè sáré ju 240 mm lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń gbẹ́ móòdù onígun kọ́rọ́kọ́rọ́ á jìyà rẹ̀. Ẹni tó kàn ń lu ihò ò ní mọ̀ ọ́n lára.

Pípààrọ̀ ọpọlọ nìkan

Púpọ̀ nínú dráífù servo (ti mọ́tò tí ń ròyìn ibi tó wà) àtijọ́ ń gba àṣẹ láàárín -10 sí +10 fóltì, àwọn ọpọlọ tuntun kan sì ṣì ń sọ èdè yẹn. LinuxCNC, ètò kọ̀ǹpútà tó jáde láti inú iṣẹ́ NIST, àjọ ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀fẹ́. Káàdì Mesa 7i77 á fún un ní àyè axis mẹ́fà pẹ̀lú ẹ̀ńkódà (ohun tí ń ka ibi tí mọ́tò dé) wọn. Centroid Oak, ọpọlọ mìíràn, náà lè ṣe é, ó sì dẹrùn láti tò ju LinuxCNC lọ, ṣùgbọ́n ẹ máa sanwó rẹ̀. Ibi tí àwọn olùrà ti máa ń ṣì í rà nìyí: Centroid Acorn kì í fi fóltì bẹ́ẹ̀ darí axis, àmì step (ìgbésẹ̀) àti direction (ìhà) ló ń fi ránṣẹ́. Kò bá dráífù yín sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́tò náà dáadáa, torí bó bá jẹ́ resolver, irú mìíràn tí ń ka ibi tí mọ́tò dé, ló wà níbẹ̀ dípò ẹ̀ńkódà, ẹ nílò ohun tí á túmọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń gba àkókò níbí. Ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà, kí ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn kí ẹ tó tú u. Axis mẹ́ta lè rìn láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí pípààrọ̀ abẹ wá gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí ẹ máa kọ ètò ladder rẹ̀ (ètò tí ń to ìgbésẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ) láti ìbẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì pàjáwìrì ní tirẹ̀, relé gidi (swíìṣì tí iná ń ṣí tó ń tì) ni kó gé iná mọ́tò. Ẹ má fi lé kọ̀ǹpútà nìkan lọ́wọ́ láé, ọwọ́ èèyàn ló ń wọ ibẹ̀.

Kíkó gbogbo rẹ̀ dànù

Ìgbà tí dráífù bá ti jóná tí ẹ ò rí irú rẹ̀ mọ́ nìkan ni mo gbà pé ó tọ́. Ọpọlọ Siemens 828D tàbí Fanuc 0i-MF pẹ̀lú dráífù àti mọ́tò wọn dára gan-an, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ ó sì máa bá sọ̀rọ̀. Òun ló wọ́n jù. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi stepper (mọ́tò tí ń fi ìgbésẹ̀ kéékèèké rìn) tí kò ní ẹ̀ńkódà rọ́pò servo lórí ẹ̀rọ tó wúwo, ẹ má gbà fún un: á pàdánù ìgbésẹ̀ láìsí àláàmù, iṣẹ́ yín ló máa bàjẹ́.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn pé ẹni tó ṣe é á gé róńdò kan lójú yín, á sì gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì M6 láìlo ohun ìdímú onísípíríìnì. Ẹ fi èékánná ra etí róńdò náà. Bó bá kọ́ yín lọ́wọ́ ní àwọn ibi mẹ́rin tí axis ti ń yí padà, ẹ di owó tó kù mú títí á fi tún un ṣe.