Crown Graphic, kámẹ́rà oníròyìn tí mo gbé gun òkè

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá kámẹ́rà ńlá àtijọ́ tí ẹ máa fi ya òkè, pápá àti odò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Crown Graphic tèmi fún yín. Fíìmù pẹlẹbẹ 4x5 ínǹṣì ló ń lò, ẹyọ kan fún fótò kan. Ilé iṣẹ́ Graflex ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, ló ń ṣe é láti 1947 títí di 1973, àwọn oníròyìn ni wọ́n sì ṣe é fún. Ibi tí wàhálà rẹ̀ ti wá nìyẹn, ibẹ̀ náà ni dídùn rẹ̀ ti wá.

Ó ń pa dé. Tí ẹ bá ti tì í, ó di àpótí kan lásán tí lẹ́ǹsì wà nínú ikùn rẹ̀. Mo máa ń kì í bọ inú báàgì ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀wù òjò, ó di òkè Stanage Edge ní Peak District, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Speed Graphic tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́tà kejì (ohun tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù) lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù, fún yíya ohun tó ń sáré, ìyẹn sì mú un wúwo jù ú lọ. Kí la fẹ́ fi ṣe? Òkè kì í sáré. Linhof Technika ti Jámánì dára ju méjèèjì lọ, kò sí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ owó tèmi.

Wàhálà ọ̀hún rèé. Ẹni tó ń ya ilẹ̀ fẹ́ kí òkúta tó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn ketekete, kí òkè ọ̀kánkán náà sì hàn ketekete. Ohun tí à ń ṣe ni pé ká mú kí lẹ́ǹsì tẹríba díẹ̀ síwájú. Ti Crown Graphic kì í tẹríba, ẹ̀yìn nìkan ló ń tẹ̀ sí. Ọgbọ́n tí à ń dá ni pé ká já pèpéle iwájú rẹ̀ tí lẹ́ǹsì dúró lé wálẹ̀, lẹ́ǹsì á dojú kọ ilẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, a ó wá gbé e sókè, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́ padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ku ìwọ̀nba tá a fẹ́. Ẹ ṣe ìyẹn lábẹ́ aṣọ dúdú, kí àwòrán dorí kodò lójú dígí ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí afẹ́fẹ́ Stanage máa fa aṣọ mọ́ yín lọ́wọ́. Àwọn kan máa ń tú ìdúró lẹ́ǹsì, wọ́n á yí i padà kó lè tẹ̀ síwájú. Èmi ò jẹ́ tú u.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo awọ rẹ̀ tó ń nà tó ń sún kì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ nà án tán, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, kí ẹ wá wo àwọn igun ibi tó ti ń ṣẹ́ po. Ẹni tó ta tèmi búra pé kò lu. Igun rẹ̀ ń yọ iná. Mo kun ún ní dúdú, ó gbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Lẹ́ǹsì tó sábà máa ń bá a wá ni Kodak Ektar 127mm. Ojú rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n agbára káká ló fi kárí 4x5. Ẹ gbé e sókè díẹ̀, igun fótò á ṣú. Mo ti fi Schneider Symmar 150mm rọ́pò rẹ̀, ara sì tù mí. Ẹ tẹ́tí sí ṣọ́tà náà o, pàápàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Lábẹ́ kùrukùru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú fíìmù Ilford FP4, tí a bá dín ojú lẹ́ǹsì kù sí f/22, ìdá mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ la sábà máa ń lò, ibẹ̀ gan-an sì ni ṣọ́tà arúgbó ti ń lọ́ra. Fíìmù kò sì wọ́n díẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í yí. Tí fótò bá máa dúró gogoro, bíi ti igi tàbí omi tó ń ṣàn láti orí àpáta, ẹ ó dá kámẹ́rà dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ni, gbígbé lẹ́ǹsì sókè á wá di sísún un sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá jẹ́ irú fótò bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ràn, ẹ wá Super Graphic tí Graflex kan náà gbé jáde ní 1958: ẹ̀yìn tirẹ̀ ń yí, lẹ́ǹsì rẹ̀ sì ń tẹríba.