Oúnjẹ Alẹ́ Láìsí Ẹran ní Ilé-Ifẹ̀: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Alásè Kan ní Lágéré

Ní Ilé-Ifẹ̀, bí ènìyàn bá sọ fún alásè pé àlejò òun kì í jẹ ẹran, èsì tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Kò léwu, a ó fi ẹja sí i." Alásè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn yìí kò fún mi ní irú èsì bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ilé ìdáná wọn wà ní agbègbè Lágéré, wọn kò gbé pátákó kankan síta, ẹnu àwọn tí ó ti jẹ oúnjẹ wọn rí ni ó ń polówó wọn.

Àlejò 12 ni mo pè. Nínú wọn ni àwọn ọmọ ìjọ Seventh-day Adventist wà tí wọn kò fi ẹran kan ẹnu láti kékeré, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ méjì wà láti Íńdíà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní ti àwọn yòókù, kò sí ohun tí wọn kì í jẹ. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun ní ìlú tí ilé ìwòsàn àwọn Adventist ti wà tipẹ́, tí yunifásítì sì ń kó àwọn ènìyàn wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀ alásè wa kò tíì kà wọ́n kún ni.

Ìbéèrè ni màmá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Ṣé wọ́n ń jẹ ẹyin? Mílíìkì ńkọ́? Ṣé ẹ ti bi wọ́n nípa edé?" Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ Adventist tí kì í jẹ ẹran ni ó ń jẹ ẹyin tí ó sì ń mu mílíìkì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará Íńdíà tí kì í jẹ ẹran ni kì í fi ẹnu kan ẹyin náà. Ìpinnu màmá ni pé ẹyin kò ní wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ kankan. Wọ́n sè é lọ́tọ̀, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ nínú abọ́ tirẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje tí gbogbo wa mọ̀ wá di èyí tí kò ní ẹ̀mí kan ṣoṣo, síbẹ̀ a jẹ ẹ́ tán.

Ohun tí mo yìn jù nínú ètò wọn ni pé wọn kò wá ohunkóhun tí yóò ṣe bí ẹran nínú ọbẹ̀. Oúnjẹ tí kò fi ẹran pè láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣà jọ: ẹ̀kuru, gbẹ̀gìrì, ọ̀jọ̀jọ̀, dòdò, ẹ̀fọ́ wọ̀rọ̀wọ́ tí a fi ẹ̀gúsí sè, àti iyán. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá yọ ọ̀kan kúrò nínú àwọn oúnjẹ ẹ̀wà, nítorí pé ẹ̀kuru, gbẹ̀gìrì àti mọ́ínmọ́ín lálẹ́ ọjọ́ kan náà ti pọ̀ jù fún ikùn àgbàlagbà.

Ẹ̀kuru náà ni mo sì fi ṣe àkọ́kọ́. Ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ dànù ni wọ́n lọ̀ láìfi ata tàbí epo sí i, wọ́n pò ó títí ó fi fúyẹ́, wọ́n pọ́n ọn sínú ewé eéran, wọ́n sì sè é. Nígbà tí a tú u, ó funfun, ihò wẹ́wẹ́ hàn lára rẹ̀, òórùn ewé sì gba gbogbo yàrá. A fọ́ ọ sínú ata díndín tí epo rẹ̀ ti yọ sókè, tí àlùbọ́sà rẹ̀ sì ti ń pọ́n létí. Wàrà díndín tí wọ́n gbé tẹ̀lé e fi hàn pé màmá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn wàrà líle ilẹ̀ òkèèrè kan wà tí a ń fi èròjà inú ikùn ọmọ màlúù mú dì, èyí tí àwọn kan tí kì í jẹ ẹran kò fẹ́ gbọ́ sétí, ṣùgbọ́n omi ewé bomubomu ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń mú wàrà tiwa dì.

Irú ni ó gba iṣẹ́ edé àti magí ṣe nínú ọbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà rọra bi mí bóyá ẹja ni ó ń ta sánsán bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé hóró èso igi irú ni, tí a sè, tí a bó, tí a sì dé mọ́lẹ̀ títí ó fi di irú, ó tún bu ẹ̀fọ́ sí i.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlọta ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀gá ni màmá. Ẹ̀rọ ọjà tí yóò lọ ata rẹ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ edé ẹlòmíràn tán, kò sì sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi mọ́. Odò-Ògbè ni wọ́n ti ra ata, ṣùgbọ́n ilé ni wọ́n ti lọ̀ ọ́. Òróró tuntun ni wọ́n sì fi dín dòdò, wọn kò fi ọwọ́ kan èyí tí wọ́n ti fi dín ẹja.

Àléébù kò ṣàìsí. Oúnjẹ pẹ́ kí ó tó dé, iyán sì ni ó jìyà rẹ̀. Lágéré ni wọ́n ti gún un, wọ́n wé e sínú ọ̀rá, wọ́n sì kó o sínú kúlà. Nígbà tí yóò fi dé iwájú wa, ó ti dì gbagidi. Àlejò kan tí ó jẹ́ ọmọ Iléṣà fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wo ojú mi, ó sì lọ bu ọ̀jọ̀jọ̀. Àwọn tí ó ń sọ pé iyán ni oúnjẹ kì í dárí irú èyí jini. Ọ̀jọ̀jọ̀ náà dára, àmọ́ iyọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni a fi pa ẹnu dé.

Ní ti owó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìsí ẹran yóò mú un wálẹ̀. Iye tí màmá ń gbà fún oúnjẹ ẹlẹ́ran ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, mo sì kùn díẹ̀, kí n tó ro iṣẹ́ tí ó wà nínú bíbó èèpo ẹ̀wà fún ènìyàn 12. Ẹni tí yóò bá gbé iṣẹ́ fún wọn, kí ó tètè sọ̀rọ̀, nítorí pé wọ̀rọ̀wọ́ kì í fi gbogbo ìgbà wà lọ́jà. Kí ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá gún iyán nílé òun. Wọ́n ní àwọn máa ń gbà, bí odó bá ti wà níbẹ̀.