Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Ra Ẹ̀bùn fún Ẹni Tó Ń Gbá Gọ́ọ̀fù: Ayédèrú Pọ̀ Lọ́jà

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ ń dáwó jọ láti ra ẹ̀bùn fún bàbá, àna tàbí ọ̀gá yín tó fẹ́ràn gọ́ọ̀fù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn òǹtajà kan wà lórí Instagram àti WhatsApp tó jẹ́ pé ayédèrú ọ̀pá gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù àlòkù tí wọ́n tún kùn lọ́dà ni wọ́n ń kó sínú àpótí, tí wọ́n á wá fi ríbọ́ọ̀nù dì í kó lè wu ojú. Ìpolówó wọn máa ń pọ̀ sí i bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n sì mọ̀ dáadáa pé àwa Yorùbá kì í fi ayẹyẹ àádọ́rin ọdún tàbí ti ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ṣeré, tìlù-tìfọn la fi ń ṣe é fún àwọn àgbà wa.

Ohun tó jẹ́ kí jìbìtì yìí rọrùn fún wọn ni pé ẹni tó ń sanwó kò mọ gọ́ọ̀fù, ẹni tó mọ gọ́ọ̀fù kọ́ ló sì ń sanwó. Bí ẹrù náà bá wá dé ọwọ́ ẹni tí a rà á fún, ojú kò ní jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bàbá wo ni yóò dìde láàárín àwọn àlejò, tí yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ pé féèkì ni ohun tó rà wá? Yóò gbàdúrà fún un, yóò ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀bùn náà, lẹ́yìn náà yóò rọra gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, yóò sì máa lo ọ̀pá rẹ̀ àtijọ́ lọ. Báyìí ni kò fi sí ẹni tó ń dá ọjà padà, tí kò sì sí ẹni tó ń fẹjọ́ sùn, fọ́tò ayẹyẹ yẹn gan-an ni òǹtajà náà yóò sì tún fi polówó fún ẹlòmíràn.

Mo fi ojú ara mi rí ọ̀kan nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló dáwó jọ, tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òǹtajà kan ní Èkó, tí ọlọ́kadà sì gbé ẹrù náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ ìnáwó gan-an, nígbà tí kò sí ẹni tó ráyè yẹ̀ ẹ́ wò. Báàgì rẹ̀ dára lójú, orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan ló wà lára rẹ̀, gbogbo ọ̀pá ló sì pé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti fi àkísà tútù nu ara ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀mọ́ tó yẹ kó fi irú ọ̀pá tó jẹ́ hàn ń ká sókè létí. Ní ọrùn ọ̀pá, níbi tí igi rẹ̀, ìyẹn apá gígùn tí a ń dì mú, ti wọ inú orí rẹ̀, òrùka ike dúdú kan máa ń wà níbẹ̀ tó yẹ kó jókòó dáadáa débi pé èékánná kò ní rí ibi kọ́. Tèyí yọ gọngọ sóde. Òǹtajà ti kọ̀wé pé graphite, ohun èlò kábọ́ọ̀nù tó fúyẹ́, ni igi àwọn ọ̀pá náà, graphite kì í sì í bá òòfà ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé òòfà kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì sún mọ́ ọn, ó gbá a mú pinpin. Páìpù irin tí wọ́n kùn ní dúdú ni.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sí ọrùn rẹ̀ tún ni nǹkan mìíràn tó yẹ kí ẹ wò. Ilé iṣẹ́ gidi máa ń gbẹ́ nọ́ńbà sára ọ̀pá kí wọ́n lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ayédèrú máa ń tẹ nọ́ńbà kan náà sára gbogbo ọjà wọn, tàbí kí wọ́n má tẹ nǹkan kan sí i rárá. Bí ẹ bá ní kí òǹtajà ya fọ́tò ọrùn ọ̀pá náà fún yín, tó wá ń fi fọ́tò ìpolówó tó mọ́ roro dá yín lóhùn, ẹ ti rí èsì tí ẹ ń wá. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ó ṣe kedere pé òòfà kò lè tú gbogbo àṣírí: orí driver gidi (ọ̀pá olórí ńlá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà) tí wọ́n fi titanium ṣe kì í fa òòfà, orí ayédèrú tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe náà kì í fà á. Olùkọ́ gọ́ọ̀fù tó ń kọ́ni ní kíláàbù, tàbí kádì (ẹni tó ń bá agbágọ́ọ̀fù ru báàgì ọ̀pá rẹ̀) tó ti pẹ́ lórí pápá, ló lè gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi gbá bọ́ọ̀lù, tí yóò sì sọ òótọ́ fún yín.

Kì í ṣe Nàìjíríà ni ìwà yìí ti ṣẹ̀. Láti ọdún 2004 ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, tí Acushnet tó ni Titleist, Callaway, PING àti TaylorMade wà lára wọn, ti para pọ̀ láti bá àwọn oníṣẹ́ ayédèrú jà, àwọn ọlọ́pàá Shanghai ní Ṣáínà sì ti kó ẹrù gọ́ọ̀fù ayédèrú tó lé ní 120,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Ẹrù irú ìyẹn kì í dúró síbi tí wọ́n ti ṣe é. Nítorí náà, iye owó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Driver tuntun kan ṣoṣo láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń tó dọ́là 500 sí 600 ní Amẹ́ríkà kí ẹnikẹ́ni tó san owó ọkọ̀ tàbí owó ibodè lórí rẹ̀, ẹni tó bá wá ń ta driver, àwọn oríṣi ọ̀pá mìíràn bíi iron, wedge àti putter, pẹ̀lú báàgì pọ̀ ní iye tí kò tó ìyẹn, ẹ bi í léèrè ibi tí èrè tirẹ̀ ti ń jáde. Mo tilẹ̀ ti rí ìpolówó tó ń fi ọ̀pá 16 inú báàgì kan yangàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin eré náà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé ju 14 lọ wọ pápá. Òǹtajà tí kò mọ ìyẹn kò mọ ohun tó ń tà.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ra ọ̀pá gọ́ọ̀fù bí ẹ̀bùn rárá, kódà bó jẹ́ ojúlówó. Gíga ẹni, bí apá rẹ̀ ṣe yá sí, àti ọwọ́ tó fi ń gbá a ni wọ́n fi ń yan gígùn igi, líle rẹ̀ àti bí orí rẹ̀ ṣe tẹ̀ sí, àgbàlagbà tí agbára apá rẹ̀ ti dínkù kò sì lè lo igi líle tí ọ̀dọ́ ń lò. Ṣe ni ó dà bí ẹni ń ra awò ojú fún àna rẹ̀ láì jẹ́ pé dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò.

Ibi tí jìbìtì ti wá fara sin jù ni ti bọ́ọ̀lù. Gbogbo ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù ló ń lò ó, ó sì ń sọnù sínú omi àti igbó lójoojúmọ́, èyí ló mú kó jẹ́ ẹ̀bùn tí kò lè já sófo bí ẹ bá rà á dáadáa. Pro V1 ti Titleist, tó jáde ní ọdún 2000, ni àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn jù, torí pé páálí kan tó ní 12 nínú máa ń tó nǹkan bíi dọ́là 55. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n kó nínú odò, tí wọ́n kàn fọ̀, tí wọ́n sì tà ní àlòkù, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, tòkunbọ̀ ni, owó rẹ̀ á sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú ni èyí tí wọ́n bó awọ ọ̀dà rẹ̀ kúrò, tí wọ́n kùn ún padà, tí wọ́n tún tẹ orúkọ àti nọ́ńbà sí i, tí wọ́n wá tò ó sínú páálí tuntun pé kò tíì kan ilẹ̀ rí. Ẹ gbé e sí abẹ́ iná kí ẹ wo àwọn kòtò kéékèèké ara rẹ̀ dáadáa: níbi tí ọ̀dà bá ti nípọn jù, etí kòtò wọn kò ní mú, yóò dà bí ohun tí ọṣẹ dí. Páálí gidi máa ń ní páálí kéékèèké mẹ́rin nínú, bọ́ọ̀lù mẹ́ta sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń gbà. Bí ẹ bá rí méjìlá tí wọ́n dà sínú rẹ̀ wúruwùru, tàbí tí nọ́ńbà ara àwọn tó wà nínú páálí kékeré kan náà kò dọ́gba, ẹ má gbà á.

Ẹ tún ṣọ́ra fún bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń polówó pé ó ń lọ jìnnà ju ti òfin lọ. Òfin ní kí bọ́ọ̀lù má wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, kí ó má sì kéré ju mìlímítà 42.67 ní ìbú. Èyí tó bá tàpá sí i, bàbá yín kò lè fi dé ìdíje kankan. Ti bọ́ọ̀lù abúgbàù tó ń tú èéfín bí wọ́n bá gbá a, ẹ̀rín ọjọ́ kan ni.

Nínú ọ̀pọ̀ àpótí ẹ̀bùn wọ̀nyí, ẹ óò rí ìbọ̀wọ́ méjì tí wọ́n dì pọ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù ń wọ̀ ọ́ sí, ẹni tó ń fi ọ̀tún gbá a sì ń wọ̀ ọ́ sí ọwọ́ òsì. Ti òjò àti ti òtútù ni wọ́n sábà ń tà ní méjì-méjì. Ẹ̀rọ tó ń wọn bí ihò ṣe jìnnà tó dára, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣírò òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti lè pa ìṣirò náà, nítorí pé òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019 gba ìwọ̀n jíjìnnà nìkan láyè nínú ìdíje, bí àwọn tó gbé ìdíje kalẹ̀ kò bá tiẹ̀ kọ̀ ọ́.

Ẹni tó mọ ohun tí bàbá yín nílò ni kádì rẹ̀. Ẹ pè é, kí ẹ bi í ní orúkọ bọ́ọ̀lù tí bàbá ń lò, ìwọ̀n ìbọ̀wọ́ rẹ̀, àti ohun tó ń ráhùn pé ó ti gbó nínú báàgì òun. Lẹ́yìn náà, kí ẹ rà á ní ṣọ́ọ̀bù inú kíláàbù rẹ̀, ì báà jẹ́ ní Ìkòyí, ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta, tàbí kí ẹ san owó ẹ̀kọ́ pẹ̀lú olùkọ́ ibẹ̀ fún un. Inú àgbàlagbà máa ń dùn sí ẹ̀kọ́ yẹn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ́fíìsì kíláàbù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gba nọ́ńbà tí ẹ óò pè, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ní òun ń ta ìwé àyè gbígbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó lè fi Instagram ta ẹnu ọ̀nà kíláàbù tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan.

Lórí ọ̀rọ̀ ìsanwó, bí orúkọ àkáǹtì bá jẹ́ ti ènìyàn nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ń jẹ́ orúkọ mìíràn, ẹ dúró ná. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ tú ẹrù wò lójú ẹni tó gbé e wá kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bìrìtéènì, káàdì kírẹ́díìtì ni kí ẹ lò fún ohun tó bá ju £100 lọ, nítorí pé abala 75 òfin Consumer Credit Act ti ọdún 1974 mú kí báńkì náà dáhùn fún ọjà tó bá jẹ́ ayédèrú, títí dé £30,000. Ẹ má gbà kí wọ́n ní kí ẹ sanwó lórí PayPal bí ẹni ń fún ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí lówó, torí pé ààbò òǹrajà kò sí lórí irú ìsanwó bẹ́ẹ̀.

Bí owó bá ti jáde, ẹ pe báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá òǹtajà sọ, fọ́tò ìpolówó àti nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ pa mọ́, kí ẹ sì kó wọn lọ fún FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé ẹjọ́ àwọn òǹrajà lé lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn pàápàá, ẹ tẹ ẹni tí ẹ fún ní ẹ̀bùn náà láago, ojú ì báà máa tì yín, kí ẹ sọ fún un pé kó má gbé àwọn ọ̀pá yẹn lọ sí pápá, torí pé orí ayédèrú tí wọn kò lẹ̀ dáadáa lè já kúrò lára igi nígbà tó bá fì í, kí ó sì lọ bá kádì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.