Ìyá tó ń ta òwú n'Ígbọ̀nà: ẹ lọ, àmọ́ ẹ mú ṣéńjì dání

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé níbo ni mo ti ń ra òwú tí mo fi ń hun àwọn ẹja kéékèèké yẹn, ó dáa, ẹ gbọ́ o. Ọjà Ìgbọ̀nà níbí n'Óṣogbo ni. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá àwọn tó ń ta bọ́tìnì àti síìpù, ẹ máa rí ṣọ́ọ̀bù kan tí ò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn méjì lọ, kò sí orúkọ kankan níwájú ẹ̀, wúùlù tí wọ́n so kọ́ lẹ́nu ọ̀nà bí àgbàdo tí wọ́n so sókè ààrò lẹ máa fi dá a mọ̀. Ìyá àgbà kan ló ni ín, Ìyá Olówùú la máa ń pè wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn gan-an ló gbé mi débẹ̀. Àtáọ́ja tá à ń pe ọba wa, ṣebí a-tẹ́wọ́-gba-ẹja ni, torí náà tí àlejò bá wá sílé wa nígbà ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, ẹja tí mo fọwọ́ ara mi hun ni mo máa ń fún wọn, kékeré báyìí, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n á fi kọ́ kọ́kọ́rọ́. Lọ́dún tó kọjá mo ní kí n fi aró rẹ gbogbo ẹ̀, àbí kí là ń ṣe nílùú aró tá ò ní lo aró? Mo ra òwú funfun lọ́wọ́ ẹnì kan lórí fóònù, ó búra fún mi pé kọ́tìn gidi ni, mo gbé e lọ bá ìyá aláró kan, wọ́n fọwọ́ kàn án wọ́n ní òwú yìí ò fẹ́ mu aró o, èmi olórí kunkun ní ká rì í, a rì í lẹ́ẹ̀mẹta, ká wá fọ̀ ọ́ báyìí, gbogbo aró bómi lọ, èyí tó kù dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Wọ́n ní agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Èmi tí mò ń gbé Òṣogbo ni mo wá ń ráhùn aró, ẹ ò rí nǹkan!

Ìyá aláró yẹn ló ní kí n gbé e lọ Ìgbọ̀nà. Mo débẹ̀, mo kúnlẹ̀, "Ẹ kú ọjà o mà", òwú ọwọ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó wo ojú mi. Wọ́n já a bí ìka kan, wọ́n ṣáná sí i. Ló bá yọ́! Ó ká jọ, ó di kóro dúdú líle kan báyìí, ó ń rùn bíi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń sun. Wọ́n wá já tiwọn náà, wọ́n ṣáná sí i, ìyẹn jó bíi bébà, eérú lẹ́búlẹ́bú ló kù, wọ́n fẹ́ ẹ, ó fò lọ.

"Ọmọ mi, rọ́bà lo rà. Aró ò lè wọ rọ́bà."

Àṣé gbogbo nǹkan la kàn ń pè ní wúùlù. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, acrylic ni, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é, àgùntàn kankan ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Mi ò ní kò dáa o, ó fúyẹ́, ó ń móoru, tẹ́ ẹ bá fẹ́ hun fìlà bébì sílẹ̀ de ọyẹ́ òun náà ni kẹ́ ẹ rà, ₦1,500 ni wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù 50 gíráàmù fún mi. Wúùlù irun àgùntàn gidi, wọn ò kó o rárá, wọ́n ní ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́ nínú ooru yìí. Kọ́tìn ni ibi tí ọwọ́ wọn dùn sí. 100 gíráàmù, ₦3,500. Kì í fà bí acrylic, torí náà ọrùn ọwọ́ á kọ́kọ́ máa ro yín, àmọ́ ojú ìhun ẹ̀ á hàn ketekete, píìnì 3 mm ni mo fi ń hun ún, ẹja mẹ́jọ ló ń jáde nínú bọ́ọ̀lù kan.

Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, torí ọ̀rá kan máa ń wà lára òwú tí kì í jẹ́ kí aró wọlé, mo tú u kúrò ní bọ́ọ̀lù, mo ká a sára ẹsẹ̀ àga kó lè di ìdì gígùn, mo so ó níbi mẹ́rin kó má baà lọ́ pọ̀, ó di ọ̀dọ̀ aláró. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí o: tẹ́ ẹ bá fà á yọ nínú ìkòkò, kì í ṣe àwọ̀ aró lẹ máa rí, bí ewé tó fẹ́ pọ́n ló ń rí, afẹ́fẹ́ á wá máa fẹ́ sí i, ẹ máa fojú yín rí i tó ń yí padà láti etí, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ẹ̀ á fi dú. Mo dúró tì í bí ọmọ tó ń dúró de àkàrà.

Ẹ̀sùn wà ṣá. Ibẹ̀ gbóná, fáànù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, òwú ló ń fẹ́ sí. Wọn kì í gba tiransfáà, wọ́n ní àwọn ò rí owó tó ń gba inú afẹ́fẹ́ wá, tẹ́ ẹ bá sì mú ₦5,000 lọ láti ra nǹkan ₦3,500 ẹ̀yin lẹ máa lọ wá ṣéńjì, mo ti torí ẹ̀ ra mínírà tí mi ò fẹ́ mu rí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá ti di aago méjìlá àbọ̀, wọ́n ti tìlẹ̀kùn. Èyí tó wá burú jù, wọ́n máa ń ya bébà ara òwú dànù, bẹ́ẹ̀ ara bébà yẹn ni nọ́ńbà wà, èyí tẹ́ ẹ fi máa mọ àwọn tí wọ́n jọ rẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ra pupa mẹ́ta, kò tó, mo padà lọ ra ẹyọ kan, mo hun súwẹ́tà bébì tán kí n tó rí i nínú oòrùn pé apá ọ̀tún pọ́n ju tòsì lọ. Ìkómọ ku ọ̀la. Mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ìyá ọmọ ní sítáì yìí mà dáa o.

Ẹ tún ṣọ́ra yín, torí ẹ ò ní ra ẹyọ kan. Gánáàmọ́sgò méjì ló ti kún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, bàbá àwọn ọmọ ní ṣé mo fẹ́ máa fi se ọbẹ̀ ni. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó pọ́n bí àgbálùmọ̀ tó gbó dáadáa, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo kàn máa ń mú un jáde, mo máa ń wò ó, màá dá a padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo mú ẹja aláró kan lọ fún Ìyá Olówùú. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Aró yìí mú. Ẹnu ẹja yìí ò dì, lọ tú u." Mo ní kí wọ́n kó o wá kí n lọ tú u, wọn ò fún mi, ara kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ni mo tún ti rí i lánàá.