Ìwé eré ẹ̀san mẹ́rin tí mo rà ní tòkunbọ̀: ìràwọ̀ 4 nínú 5

Ọwọ́ ẹni tó ń tàwé lẹ́bàá títì n'Ìbàdàn ni mo ti rà á, 2,500 náírà, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya díẹ̀ àmọ́ kò sójú ìwé tó já. Eré orí ìtàgé mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, èyí tó pẹ́ jù ti jáde ní 1592, èyí tó kẹ́yìn jáde ní 1613. Ẹni tó bá ń wá Hamlet, eré ẹ̀san ti Shakespeare, kò sí níbẹ̀ o.

Mo rò pé òkú tó ń yọ sáwọn èèyàn ló máa dẹ́rù bà mí, àṣé ọ̀rọ̀ ẹbí ló máa lé oorun lójú mi.

Ẹ wo The Spanish Tragedy tí Thomas Kyd kọ. Wọ́n pa Andrea sójú ogun, ó wá padà wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú Ẹ̀san (Ẹ̀san di èèyàn nínú eré yẹn) àwọn méjèèjì wá ń wòran bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni o! Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí Ẹ̀san sùn lọ, Andrea ń pariwo pé kó jí. Hieronimo níyà wá jẹ, wọ́n pa Horatio ọmọ ẹ̀, wọ́n so ó rọ̀ nínú ọgbà bàbá ẹ̀ gan-an, orí ìyá Horatio dàrú, ó gún ara ẹ̀ pa, bàbá náà fi eré tan àwọn apànìyàn yẹn, ó rẹ́yìn wọn, ó wá fi eyín gé ahọ́n ara ẹ̀ jù nù. Andrea ní inú òun dùn. Inú ẹ dùn kẹ̀? Horatio tó sin òkú ẹ ti kú, Bel-imperia olólùfẹ́ ẹ ti kú, o wá ń dunnú!

Màmá àgbà máa ń sọ fún wa pé láyé àtijọ́ tí wọ́n bá pa èèyàn, wọ́n lè fi àdá lé e lọ́wọ́ nínú sàréè kó lọ gbẹ̀san fúnra ẹ̀. Àwọn òkú inú ìwé yìí ò gbé àdá, ọmọ àti arákùnrin wọn ni wọ́n ń dì í rù.

Nínú The Revenge of Bussy D'Ambois, ti George Chapman, òkú Bussy ń lé arákùnrin ẹ̀ Clermont pé kó gbẹ̀san, Clermont ń sọ̀rọ̀ ọgbọ́n ṣáá, kódà Charlotte arábìnrin wọn, ara ti ń ta á. Èmi náà, ara ń ta mí. Mo sùn lẹ́ẹ̀mejì.

The Revenger's Tragedy ò ní òkú tó ń rìn, agbárí ló ní. Tourneur ni wọ́n máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pó kọ ọ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti wá gbà báyìí pé Middleton ni. Vindice ti ń tọ́jú agbárí àfẹ́sọ́nà ẹ̀ fún ọdún 9, torí Dúùkù arúgbó kan fún un ní májèlé, ó wá fi májèlé kun agbárí yẹn, Dúùkù fẹnu kò ó. Àmọ́ ibi tó dùn mí jù ni ibi tí Vindice pa ara dà tó lọ dán ìyá ẹ̀ wò, pé kó fi Castiza ọmọ ẹ̀ obìnrin fún ọmọ Dúùkù, ìyá yìí rówó, ó gbà! Nígbà táwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin yọ ọ̀bẹ sí i, mo pa ìwé dé ná.

The Atheist's Tragedy, 1611, ti Tourneur, ni mo fẹ́ràn jù. D'Amville pa Montferrers ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nítorí ogún, ẹ ẹ̀ ní láti jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kẹ́ ẹ tó mọ irú àbúrò bàbá yẹn. Òkú bàbá yìí wá yọ sí Charlemont ọmọ ẹ̀, ó ní kó má gbẹ̀san, kó fi í sílẹ̀ fún Ọba àwọn ọba. Òkú kan ṣoṣo tó rò ó pé ọmọ òun ṣì fẹ́ pẹ́ láyé nìyẹn! D'Amville fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ bẹ́ orí ọmọ náà, ó gbé àáké sókè, orí ara ẹ̀ ló fọ́.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, torí Chapman ni, àti pé ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n kó àlàyé ọ̀rọ̀ sí, lẹ́tà ẹ̀ kéré bí èèrà, ẹ máa ṣí i síwá ṣí i sẹ́yìn títí. Àbúrò mi ti yá a lọ báyìí, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ látorí Charlemont.